Méjì Tó Ń Ṣẹ́kù

Obì ni ìyá àgbà mi ń tà. Gbànja ni, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní goro, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé bọ̀ láti Agége. Tí apẹ̀rẹ̀ bá ti balẹ̀ ní títéṣàn Minna, tí wọ́n sì ti gbé e dé ilé, iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà á tẹ́ ẹní, á da obì sí i, á ṣa ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, á wá ní, "Ọkọ mi, ó yá, ka márùn-ún." Mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì, mo ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Tí ọgọ́rùn-ún kejì bá tún pé, ìyá àgbà á fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá méjèèjì jọ, á ní, "Igba kan rèé."

Àwọn mẹ́ta ló máa ń dáwó jọ ra apẹ̀rẹ̀ kan: ìyá àgbà mi tó wá láti Ọ̀ffà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, àti obìnrin Nupe kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bida. Igba obì tí a bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta, mẹ́rìndínláàádọ́rin ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, á ku méjì nílẹ̀. Mi ò rí i kí wọ́n jà sí méjì yìí rí. Ti ẹni tó kà á ni. Gáàdì kan ní rélùwéè ni mo máa ń tà á fún, torí obì korò lẹ́nu mi nígbà náà.

Nígbà tó yá, mo rí i pé bí obì ṣe pọ̀ tó kò kan méjì yìí. A pín igba, ó ku méjì. A pín ẹgbàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku méjì. Mo wá gbọ́n. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa pín in ní igba-igba, torí igba mẹ́wàá tí a bá pín lọ́kọ̀ọ̀kan á fún mi ní ogún obì, ẹgbàá tí a bá pín lẹ́ẹ̀kan á fún mi ní méjì péré. Ìyá àgbà wò mí títí. Ó ní, "Ọkọ mi, o ti ń di olè oníṣirò."

Tíṣà ìṣirò ni mo padà wá dà; àwọn kan á ní wọn ò jìnnà síra. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Minna yìí, Bosso sì ni mo kọ́lé sí, kò jìnnà sí ọgbà àkọ́kọ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀. Kí wọ́n tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1983, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ti ìjọba ló wà lórí ilẹ̀ yẹn. Àwọn Gbagyi ló nílẹ̀ kí gbogbo ìwọ̀nyẹn tó dé, àwọn obìnrin wọn sì ń gbé ẹrù lórí èjìká títí dòní níbi tí tiwa ti ń gbé e lé orí. Ẹrù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o, ẹrù kan tó di nọ́ńbà.

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àpò ni ọ̀kẹ́, àpò ńlá tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí, orúkọ àpò ló sì di orúkọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló wọ inú ọ̀kẹ́. Ó wúwo ju ogún kílò lọ, ẹrù orí ènìyàn kan ni.

Ẹ bá mi fọ́ ọ wò. Ẹ pín ọ̀kẹ́ sí méjì: ẹgbàárùn-ún, 10,000. Ẹ tún un pín: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, 5,000. Ẹ tún un pín: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá, 2,500. Lẹ́yìn ìyẹn, 1,250. Lẹ́yìn ìyẹn, 625. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún nìyẹn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹfà, àfi kí ẹ fi òkúta la owó ẹyọ kan sí méjì, kò sì sẹ́ni tó máa gba ààbọ̀ owó ẹyọ lọ́wọ́ yín lọ́jà. Ẹ padà sí ọ̀kẹ́, kí ẹ wá máa pín in sí márùn-ún: ẹgbàajì, 4,000, ẹgbẹ̀rin, 800, ọgọ́jọ, 160, méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó tán. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀kẹ́ nìyẹn, méjì lọ́nà márùn-ún, márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, kò sí èròjà mìíràn níbẹ̀. Tí ẹ bá ka àwọn nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, láti orí ení títí dé orí ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ọgbọ̀n ni wọ́n. Ogójì wà lára wọn, àádọ́ta wà níbẹ̀, igba wà níbẹ̀, gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kó owó jọ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀ta nìkan ni kò sí. Ó dáa, èje náà kò sí, ṣùgbọ́n èmi kò rí ẹni méje tó jọ ra obì rí. Pín ọ̀kẹ́ fún ẹni mẹ́ta, 6,666 á kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì ku méjì mi. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ lójú pátákó títí ẹfun fi kún ihò imú mi: mẹ́wàá tí a bá pín sí mẹ́ta á ṣẹ́ ení kù, ọgọ́rùn-ún, ení, ẹgbẹ̀rún, ení. Òdo tó wù kí o fi kún un, ení yẹn kò ní yẹ̀. Igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ sì jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn wọ̀nyẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé méjì ló ń kù.

Ní 1887, Adolphus Mann tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní London lórí bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Ará Jámánì ni, iṣẹ́ ìjọ CMS ló bá dé ilẹ̀ wa, ó sì gbé ní Ìjàyè kí ogun tó fọ́ ìlú náà ní 1862. Ó ṣàpèjúwe ẹni tó da ọ̀kẹ́ owó sílẹ̀, tó kúnlẹ̀ tàbí tó jókòó tì í, tó ń mú un ní márùn-ún márùn-ún láìpariwo títí ó fi di ìgbà ogún, tó tún ka ọgọ́rùn-ún kejì bẹ́ẹ̀, tó wá gbá òkìtì méjèèjì jọ di igba. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta lọ mí èémí. Bí ẹni pé ọkùnrin náà dúró lójú fèrèsé wa ni. Obì ló rọ́pò owó ẹyọ, ọwọ́ kò yí padà.

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ka òkìtì rí kò ní í bínú sí bí Yorùbá ṣe ń dín nọ́ńbà. Òkìtì ogún mẹ́ta ló wà níwájú rẹ, àádọ́ta ni wọ́n ní kí o mú wá. O máa tú gbogbo rẹ̀ ká láti bẹ̀rẹ̀ ní ení ni? Wàá fa mẹ́wàá yọ, ó parí. Ohun tí "àádọ́ta" ń sọ nìyẹn, ogún mẹ́ta dín mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni ẹgbàáta tí wọ́n fa ẹgbẹ̀rún yọ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mo kọ́ ní Bosso kò mọ ìkankan nínú èyí. Wọ́n á bá ọmọ Hausa sọ "dubu biyar", wọ́n á bá tíṣà sọ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí mo bá ní kí wọ́n pe 5,000 ní èdè ìyá wọn, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Inú òkun àwọn erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó èyí tó kéré, tó funfun, lójú Òkun Íńdíà níbẹ̀ yẹn. Arìnrìn-àjò Ibn Battuta ṣe adájọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1343 sí 1344, ó rí bí wọ́n ṣe ń kà á. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló tún rí owó ẹyọ tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Mali, ní òdìkejì Sàhárà. Ohun tó mú mi dúró nínú ìròyìn rẹ̀ ni pé àwọn ará Maldives ní orúkọ fún 12,000 owó ẹyọ. Kutta ni wọ́n ń pè é. Ẹ fọ́ 12,000 wò: méjì wà níbẹ̀, márùn-ún wà níbẹ̀, ẹ̀ta náà sì wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta á pín kutta kan, 4,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ kedere. Ìkarawun kan náà ni o. Etí òkun tirẹ̀ ló ti wà nínú ẹrù tí mẹ́ta ń pín. Ìgbà tó fi dé ọwọ́ wa, a tún un dì, mẹ́ta kò pín in mọ́. Ọmọkùnrin tó ń ka owó ní Maldives ì bá má rí nǹkan kan tà fún gáàdì.

Láti ibẹ̀, ó ń dé Íńdíà, ọkọ̀ àwọn ará Holland àti ti Gẹ̀ẹ́sì á sì kó o lọ sí Yúróòpù, ó ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin lójú omi. Amsterdam àti London ni wọ́n ti ń tún un tà fún àwọn tó ń lọ sí etí òkun wa, sí Ouidah àti àwọn èbúté ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń fi rà. Mo ti ń sọ láti òkè wá bí ọ̀kẹ́ ṣe pín geerege, kò yẹ kí n fi èyí pamọ́: nígbà tí wọ́n bá ń dá iye orí ènìyàn lébùúté, ọ̀kẹ́ yìí kan náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg rí irú mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zanzibar, ó tóbi ju ti Maldives, ó sì pọ̀ bí yanrìn. Wọ́n ń kó o wá sí Èkó àti Ouidah ní ẹrù ọkọ̀, owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹgbàá kan tó ti tó nǹkan bí dọ́là kan nígbà kan rí, nígbà tí ọ̀rúndún náà ń lọ sópin, sísì kan ló kù tó tó. Ẹni tó kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ sí àjà fún ọmọ rẹ̀, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náà pé síbẹ̀, ẹyọ kan kò dín. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn tó rò pé ìjákulẹ̀ náírà lohun àkọ́kọ́ tó ṣe owó ní ilẹ̀ yìí.

Ní agbègbè wa níbí, ọ̀nà ìkà méjì ló pàdé. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ pé wọn kì í sín owó sókùn níbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kà á bó ṣe wà nílẹ̀, dọ́là kan sì jẹ́ 2,500. Yorùbá ní tiwọn ń sín in ní ogójì. Lọ́nà gbogbo, ẹni tó ń bọ̀ láti gúúsù pẹ̀lú okùn á bá ẹni tó ń bọ̀ láti òkè ọya pẹ̀lú òkìtì pàdé níbì kan, wọ́n á sì jókòó, márùn-ún márùn-ún. Ìyẹn kò yàtọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ràn owó tó nílò alárù. Wọ́n fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé ní 1904, wọ́n ń gba owó orí ní owó fàdákà, ojú irin láti Baro ń bọ̀, ti Èkó ń bọ̀ gba Jẹ́bà, àwọn méjèèjì sì so pọ̀ ní Minna nígbà tó fi máa di 1912. Ojú irin yìí ló kó àwọn èèyàn wa dé ibí. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá àgbà mi jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ọ̀ffà, ó fi owó ẹyọ ra àkàrà, ó sì fi sísì san owó ọkọ̀ nígbà tó dàgbà.

Ó sọ fún mi nígbà kan pé ìyípadà yẹn da àwọn ìyá wọn láàmú, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni, títí mo fi gbé bírò. Ẹgbàá kan ni sísì kan. Sísì jẹ́ pẹ́nì mẹ́fà; kọ́bọ̀ ni àwa ń pe pẹ́nì nígbà náà, ó ti pẹ́ kí náírà tó dé. Kọ́bọ̀ kan wá jẹ́ owó ẹyọ mélòó? Ẹ pín 2,000 sí mẹ́fà: 333, ó ku méjì. Àwọn méjì yìí náà ni! Iyàwó ilé tó mú ẹgbàá lọ ṣẹ́ sí kọ́bọ̀, ta ló ń kó méjì rẹ̀ lọ? Ẹni tó ń ṣẹ́ owó ni, ẹni tó kà á. Owó òyìnbó kún fún ẹ̀ta. Pọ́ùn kan jẹ́ 240 kọ́bọ̀, nọ́ńbà kékeré yẹn sì ní ogún nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, nígbà tí ọ̀kẹ́ wa pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀ ní ọgbọ̀n. Àwọn tó ń ra obì ní mẹ́tamẹ́ta rí ìsinmi: pọ́ùn kan sí ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ ṣílè mẹ́fà àti kọ́bọ̀ mẹ́jọ, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Oníní, ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀, ní ihò láàárín, àwọn ìyá sì ń sín in sókùn bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé òyìnbó tó lu ihò yẹn ti jókòó lọ́jà kan rí.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973, náírà dé, 100 kọ́bọ̀ ni. Méjì àti márùn-ún tún padà jọba, ẹ̀ta tún jáde. Pọ́ùn kan di náírà méjì. Ó ti rẹ ìyá àgbà nígbà yẹn, kò jáde lọ sọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé owó tuntun lé e lọ́wọ́, wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ṣé ó ń ku méjì?" Mo ní rárá, ma, náírà kan sí ọ̀nà mẹ́ta, ení ló ń kù. Ó ní owó náà kò ní í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Mi ò mọ ohun tó rí.

Àwọn àgbà ọjà ṣì ń pe náírà igba ní àpò kan, torí pé ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni. Ọ̀kẹ́ sì ti di ọ̀rọ̀ àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn: mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń pè ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹni tó bá kà á kò ní í rántí pé àádọ́ta alárù ló tò síbẹ̀ yẹn, àpò lórí.

Ọmọ àbúrò mi ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Nígbà tí owó tuntun wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí a ń tò síwájú àwọn oní-POS ní Bosso bí ẹni tó ń tò fún omi, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣọ́ owó inú káàdì. Ní 1977, àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Rivest, Shamir àti Adleman, gbé ọgbọ́n kan jáde. Ìwọ mú nọ́ńbà ńlá méjì tí kò ṣe é fọ́, sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kí o sì gbé èsì rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tí kò mọ méjì àkọ́kọ́ kò lè ṣí ohun tí o fi tì. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbé nọ́ńbà oní-129 dígíìtì kan síta pé kí ẹni tó bá lè fọ́ ọ fọ́ ọ. Ó di 1994 kó tó fọ́, lẹ́yìn tí nǹkan bí ẹgbẹ̀ta èèyàn káàkiri ayé ti pa kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí ní 617 dígíìtì.

Mo ní kí ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Mo ní, "Nọ́ńbà mélòó ló lè pín èyí tó ní 617 dígíìtì yẹn láìṣẹ́kù?" Ó ronú, ó ní mẹ́rin: ení, òun fúnra rẹ̀, àti méjì tí a fi pamọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà níwájú fi yíjú padà. Ọ̀kẹ́ ní dígíìtì márùn-ún, ọgbọ̀n ló pín in. Ìwúlò tirẹ̀ ni pé gbogbo ibi tí o bá fọwọ́ kàn ló ti ń là, ọmọdé á fọ́ ọ lórí ẹní. Èyí tó ń ṣọ́ owó wa lónìí, ìwúlò rẹ̀ ni pé kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì tún rí méjì kan fi pamọ́ sínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títéṣàn ṣì wà. Aránṣọ kan ló wà níbẹ̀, àwa mẹ́ta la sì ni ín, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìlọrin, àbúrò mi ọkùnrin ní Kàdúná, àti èmi. Lóṣù tó kọjá, aránṣọ náà fi ọ̀kẹ́ kan náírà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, owó àtẹ̀yìnwá kan tó ti ń jẹ. Mo fi 6,666 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo fi 6,666 ránṣẹ́ sí àbúrò mi, mo yọ 6,666 tèmi sọ́tọ̀. Náírà méjì ló kù. Lọ́jọ́ tí náírà dé, pọ́ùn kan ni wọ́n ń gbà fún un. Nígbà tí ìyá àgbà wà lọ́mọdé, ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́rin ló máa rù ú. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti ní òun ti rí tòun. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi, ó ku méjì o." Ó ní, "Ta ló kà á?"